Ibi tí yanrìn iwájú ilẹ̀ Dádì Mọ́kọ́lá lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan tún pè mí láti Ring Road n'Íbàdàn, ó ní òun rí ilẹ̀ kan tó dáa létí òkun l'Ékòó, wọ́n ti já owó ẹ̀ wálẹ̀, kí ni mo rí sí i. Mo ní kó má tíì sanwó kankan. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun téèyàn lè sọ tán lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo bó ṣe lọ nígbà tí wọ́n mú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá fún Dádì Mọ́kọ́lá.

Àbúrò màmá mi ni Dádì Mọ́kọ́lá. Òkè-Àdó ni wọ́n ń gbé báyìí o, àmọ́ Mọ́kọ́lá ni wọ́n wà nígbà tá a wà lọ́mọdé, orúkọ yẹn ò sì kúrò lẹ́nu wa mọ́. Ọdún 35 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì l'Ágodi. Owó ìfẹ̀yìntì wọn pẹ́ kó tó jáde, ìgbà tó wá jáde gbogbo wa rò pé ilé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa parí, àfi bí wọ́n ṣe ní rárá, ilẹ̀ tó kọjú sí òkun làwọn fẹ́, pé látìgbà táwọn ti wà ní kékeré làwọn ti ń wo òkun nínú kàlẹ́ńdà, ó wu àwọn káwọn máa jí láàárọ̀ káwọn máa gbọ́ ohùn ẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an ni, torí n ò rí ìgbà kan rí tí wọ́n sọ ohun tó wù wọ́n jáde lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Ejẹ́ńtì kan ló mú ilẹ̀ náà wá. Apá ìlà-oòrùn Èkó ni, téèyàn bá ti kọjá Lẹ́kì dáadáa, n ò ní dárúkọ abúlé yẹn. Ó fi sọ́fè hàn wọ́n. Lórí ìwé yẹn, téèyàn bá kúrò níwájú ilẹ̀, ọ̀nà mọ́tò ló máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn ọ̀nà ni igbó àgbọn, lẹ́yìn àgbọn ni yanrìn, kó tó wá kan omi. Owó tó pè é sì kéré sí bí ilẹ̀ ṣe ń lọ lágbègbè yẹn, ibẹ̀ lara ti kọ́kọ́ fu mí. Tíṣà jògíráfì ni mí, ilé-ìwé kan ní Mọlété ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS, ọdọọdún ni mò ń kọ́ wọn bí ìgbì òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ níbì kan tó sì ń kó ilẹ̀ jọ síbòmíì, mo wá bi Dádì pé ọdún wo ni wọ́n ya sọ́fè yẹn. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ìwé. 2009. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó ká tó sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní àwọn ti san owó fọ́ọ̀mù.

Oṣù August la lọ. A kúrò ní Ìwó Road kí ilẹ̀ tó mọ́, a bọ́ sílẹ̀ ní Bẹ́gà, a wọ mọ́tò Ajáh, ejẹ́ńtì fi mọ́tò tiẹ̀ gbé wa níbẹ̀ lọ. Nígbà tá a débẹ̀, mo gba sọ́fè lọ́wọ́ Dádì mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mọ́tò tí wọ́n yà sórí ẹ̀. Kò sí ọ̀nà. Mo wá igbó àgbọn. Kùkùté àgbọn mẹ́ta ló kù, inú omi ni wọ́n wà, ìgbì ń gba orí wọn kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ rí, ẹ mọ òpó símẹ́ńtì kéékèèké tí sọ̀féyọ̀ máa ń rì mọ́ kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó máa ń ní nọ́ńbà lára. A rí méjì lẹ́yìn, àwọn yẹn dúró dáadáa. Ẹ̀kẹta wà létí bèbè, ìdí ẹ̀ ti ṣí síta, ó ti ń dagun. Ẹ̀kẹrin, ejẹ́ńtì ní koríko ló bò ó. Kò sí koríko níbi tó nawọ́ sí, omi ni.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń yan ẹja lábẹ́ àtíbàbà. Mo lọ kí wọn, mo ra ẹja, mo wá bi wọ́n pé Màmá, ẹ ti pẹ́ níbí? Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn bí gbogbo ọmọ àwọn sí. Wọ́n nawọ́ sínú òkun, wọ́n ní "Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ṣì máa rìn kó tó rẹ̀ wá ká tó kan omi." Àtíbàbà táwọn wà lábẹ́ ẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kẹta táwọn máa tú u sún sẹ́yìn nìyẹn. Ejẹ́ńtì dá sí i pé Màmá, ṣé òkun kì í dá yanrìn padà ni? Ìyá yẹn ní "Ó máa ń dá a padà lọ́yẹ́. Àmọ́ kì í dá a pé."

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. N ò tíì rí ìwé tó sọ ọ́ jù báyẹn lọ. Lásìkò ọyẹ́, ìgbì tó ń wá sí etíkun wa rọlẹ̀, ó gùn, ó sì jìnnà síra wọn, tó bá sáré gun yanrìn, omi ẹ̀ ń rì wọnú yanrìn lọ, èyí tó ń padà sínú òkun ò lágbára mọ́, yanrìn tó gbé wá a dúró sókè. Etíkun á fẹ̀ sí i. Tó bá wá di June sí September, ìjì tó ń jà lápá gúúsù Atlantic lọ́hùn-ún, tó jìnnà sí wa ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, á máa ta ìgbì ńláńlá sí wa, ọ̀kan ò ní tíì padà tán tí òmíì á ti dé lé e lórí, ilẹ̀ ti rin gbindin kò lè mu omi mọ́, gbogbo omi tó gòkè ló ń sáré padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú yanrìn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tá a lọ yẹn, atẹ́gùn ò fẹ́ rárá, ewé ò mì, síbẹ̀ òkun ń hó bí ẹni ń bínú. Dádì ní ṣé kì í ṣe atẹ́gùn ló ń ru omi sókè ni. Mo ní atẹ́gùn ni, àmọ́ kì í ṣe ti ibí.

Ìgbà òjò ń gbé e lọ, ọyẹ́ ń dá a padà, ìyẹn ò burú. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni, etíkun á kàn máa mí sínú mí sóde láti ayébáyé, kò ní gbé ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ló dé tí kì í dá a pé.

Mo mú èèpo àgbọn kan nílẹ̀, mo jù ú sí ibi tí ìgbì ń fọ́ sí, mo ní kí Dádì máa wò ó. Ìgbì gbé e gòkè, kò gbé e gòkè tààrà, ó gbé e lọ sápá òsì wa díẹ̀ (òkun la kọjú sí, òsì wa ni ìlà-oòrùn). Omi wá fà á padà sísàlẹ̀ tààrà. Ìgbì míì tún gbé e, ó tún lọ sósì. Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rìn. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè wọ́n ti jìnnà sí wa gan-an, àgbàlagbà tó kó bàtà lọ́wọ́, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí wọ́n tẹjú mọ́ èèpo àgbọn. Wọ́n padà dé, wọ́n ní "Ó ń lọ ni, kò dúró." Mo ní bí gbogbo yanrìn tẹ́ ẹ ń wò níbí ṣe ń ṣe nìyẹn sà, tọ̀sán tòru, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, torí apá gúúsù sí ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì wa ti ń wá, ìhà ló fi ń kọ lu ilẹ̀ wa. Yanrìn etí òkun ò ní ilé, ojú ọ̀nà ló wà. Ohun tó ń jẹ́ kí etíkun dúró síbi tó wà ni pé bí ti iwájú ẹ ṣe ń lọ, ti aládùúgbò ẹ níwọ̀-oòrùn ń dé. Àwọn tó ti wọ̀n ọ́n fojú bù ú pé yanrìn tó ń gba iwájú Èkó kọjá lọ́dún kan tó ìdajì mílíọ̀nù kùbíìkì mítà, ó sì lè dé mílíọ̀nù kan. Tí típà kan bá gbé kùbíìkì mítà 10, ó kéré tán típà 50,000 nìyẹn lọ́dún.

Ejẹ́ńtì ní òkun ti jẹun yó níbí yìí, kò ní sún mọ́. Ó tún ní ìjọba máa tó kó òkúta síbẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a padà sí Ìbàdàn.

Dádì ò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi dé Toll Gate. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní, "Jẹ́ kí n rí i lójú mi kí n tó gbà." Òjò rọ̀ lóru yẹn. Láàárọ̀ mo lọ sí ẹ̀yìn gọ́tà níwájú ilé wọn, yanrìn tí àgbàrá kó sílẹ̀ níbi tí gọ́tà ti fẹ̀, mo bu garawa kan. Ọmọ Ìbàdàn ni wá, a mọ iṣẹ́ omi. Dádì wà ní Ìbàdàn ní August 31, 1980 tí Ògùnpa gbé ilé àti èèyàn lọ, wọ́n máa ń sọ pé lẹ́yìn tí omi fà, yanrìn dé ibi tí yanrìn ò dé rí. Bó ṣe rí náà nìyẹn, omi tó ń sáré ló ń gbé ẹrù, ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ti òkun ò yàtọ̀.

A lo bàsíà gbọọrọ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ. Mo tẹ́ yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí etíkun, mo bu omi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo to ìdérí ìgò mẹ́jọ sórí yanrìn bí ilé. Ọmọọmọ wọn obìnrin ló fi àwo pẹlẹbẹ ń ti omi láti igun kan, ìhà ló fi ń tì í, bí ìgbì wa. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan kan, yanrìn kàn ń yọ́ rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ilé ò wó. Mo wá mú rúlà, mo kì í bọ yanrìn láàárín, kó gùn wọnú omi. Mo ní ẹ máa wo apá méjèèjì. Ọmọ yẹn ń ti omi. Lápá ibi tí omi ti ń wá, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn lẹ́yìn rúlà, etíkun ibẹ̀ sún jáde. Lápá kejì, omi ṣì ń kó yanrìn lọ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò sí ìkankan tó ń dé mọ́ láti rọ́pò ẹ̀. Bèbè bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ìdérí tó sún mọ́ rúlà jù ló kọ́kọ́ wó sínú omi, èkejì tẹ̀ lé e. Ọmọ yẹn pariwo. Dádì ní kó má dúró, kó máa tì í.

Mo wá sọ ìtàn Bar Beach fún wọn, torí rúlà yẹn wà l'Ékòó lóòótọ́. Láyé àtijọ́ òkìtì yanrìn wà lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà Èkó, "bar" lòyìnbó ń pe irú òkìtì bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ Bar Beach ti wá, ọkọ̀ ńlá ò lè kọjá níbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré. Láàrin 1908 sí 1912 ìjọba òyìnbó kó òkúta wọnú òkun lápá méjèèjì ẹnu ọ̀sà, kí yanrìn má bàa wọlé, kí omi jìn. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lóòótọ́. Àmọ́ òkúta yẹn dí ọ̀nà yanrìn. Lápá ìwọ̀-oòrùn, ibi tí wọ́n ń pè ní Lighthouse Beach, yanrìn kóra jọ lẹ́yìn òkúta, ilẹ̀ fẹ̀ sí i. Lápá ìlà-oòrùn, Victoria Island níbi tí Bar Beach wà, ebi yanrìn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1959, òkun ti jẹ ohun tó lé ní kìlómítà kan nítòsí òkúta náà. Ẹ fojú inú wò ó, ó tó béèyàn ṣe máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé Dádì l'Ókè-Àdó dé ọjà kó tó dá nǹkan rà.

Wọ́n ń da yanrìn padà. Láàrin 1974 sí 1975 wọ́n fi dírẹ́jà, ẹ̀rọ tó ń wa yanrìn lábẹ́ omi, da nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta kùbíìkì mítà sí i, òkun gbé e lọ, wọ́n tún dà á láàrin ọdún 80 sí 90, òkun tún gbé e lọ, torí ọ̀nà ṣì dí. Ní August 2005 omi fo títì Ahmadu Bello Way. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá kó òkúta àti kọnkéré sí i, tí wọ́n wá fi yanrìn dí òkun láti fi kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic, ilẹ̀ tí wọ́n wéwèé pé kó fẹ̀ tó kìlómítà 10 níbùú lóòró, tí ògiri tó máa yí i ká máa gùn tó kìlómítà mẹ́jọ àbọ̀. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ti balẹ̀. Àmọ́ ní August 2012 òkun gbé àwọn èèyàn lọ ní Kuramo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn ará Okun Alfa tó wà níwájú lápá ìlà-oòrùn sì ti ń ké láti ọdún pípẹ́ pé òkun ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn. Èmi gbà pé igbe wọn tọ́, ó sì ń dùn mí, torí àwọn kọ́ ló kọ́ ògiri, ilé wọn kàn wà níbi tí yanrìn yẹ kó dé ni.

Dádì bi mí pé tí wọ́n bá yọ òkúta ẹnu ọ̀sà yẹn ńkọ́? Wọ́n tiẹ̀ nawọ́ fa rúlà yọ. Mo ní yanrìn á tún dí ẹnu ọ̀nà, Àpápá àti Tin Can á di ibi tí ọkọ̀ ò lè dé, kí la máa jẹ. N ò lè bú àwọn tó kó òkúta yẹn síbẹ̀, a ṣì ń jẹ nínú ẹ̀ dòní. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n máa fi páìpù tàbí dírẹ́jà gbé yanrìn tó kóra jọ níwọ̀-oòrùn sọdá sí ìlà-oòrùn, lọ́dọọdún, láìdáwọ́ dúró, kí yanrìn lè máa bá ìrìn àjò ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dí òpópónà pa, ó yẹ kó la ọ̀nà míì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Lomé àti Kotonu, níbi tí wọ́n kọ́ pọ́ọ̀tù sí, yanrìn pọ̀ níwọ̀-oòrùn pọ́ọ̀tù, ìlà-oòrùn ń jò rẹ̀yìn. (Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, tí òkun ń jẹ báyìí, tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe yanrìn, ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ gan-an, ìgbì ń yọ́ ẹrẹ̀ yẹn bí ẹ̀kọ. Ẹ má fi àlàyé Bar Beach wọ̀n ọ́n.)

Ti òkúta tí ejẹ́ńtì ní ìjọba máa kó síwájú ilẹ̀ wá ńkọ́? Mo to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ìdérí méjì tó kù lápá ibi tí omi ń jẹ. Ọmọ yẹn tún ti omi. Ìdérí méjèèjì ò wó, òtítọ́ ni. Àmọ́ yanrìn iwájú òkúta tán pátápátá, torí omi ń kọ lu òkúta ó ń ta padà, ó ń hú ìdí ẹ̀, ibi tí òkúta sì parí sí gan-an ni omi ti ya wọlé jù. Mo ní tí wọ́n bá kó o síwájú yín, ilẹ̀ yín lè dúró, àmọ́ kò ní sí etíkun tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ máa rìn lórí ẹ̀ láàárọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì yín ni owó tán wọn sí...

N ò parí ẹ̀. Wọ́n ti gbọ́.

Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi lè pinnu, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn. Ejẹ́ńtì ń pè, ó tún já owó wálẹ̀, ó ní ẹnì kan ń bọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Màmá Òkè-Àdó, ìyàwó wọn, ò bá wọn jà, wọ́n kàn fi bàsíà yẹn sílẹ̀ ní bákónì, wọn ò da yanrìn inú ẹ̀ nù. Lọ́jọ́ kan Dádì pè mí pé àwọn ti sọ fún ejẹ́ńtì pé àwọn ò rà mọ́. Owó fọ́ọ̀mù, wọn ò dá a padà, títí dòní. Mọ́níyà ni wọ́n padà ra ilẹ̀ sí, kí wọ́n tó ra ìyẹn, ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ gan-an ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ, a dúró lábẹ́ agboòrùn a ń wo ibi tí àgbàrá ń gbà. Ohùn òkun ò sí níbẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ó ṣì ń dùn wọ́n.

Ní January ọdún yìí mo ní nǹkan ṣe ní Ajáh, ọkàn mi ní kí n ya síbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Etíkun ti fẹ̀, yanrìn funfun lọ salalu, òkun rọlẹ̀ bí omi inú ìkòkò, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí bèbè ti ya lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ìgbà yẹn la kọ́kọ́ lọ ni, èmi gan-an lè sọ pé kí Dádì ra ilẹ̀ yẹn. Òpó kẹta tó dagun ò sí mọ́. Ìyá ẹlẹ́ja ti tún sún sẹ́yìn. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ejẹ́ńtì yẹn, wọ́n wọṣọ bí ẹni ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó ń ya fọ́tò, ọkọ di sọ́fè mú. Mo rìn lọ bá wọn, mo kí wọn, mo ní ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó fi òpó kẹta àti ẹ̀kẹrin hàn yín.